Ṣé Kí N Sọ Ọmọ Mi Ní Virat?

Ìbéèrè

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ìyàwó mi ló máa ń ka ojú ewé yín fún wa lórí fóònù. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ̀wé sí yín kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ti ẹbí.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, ẹni ọdún 29. Láti 2021 ni mo ti ń gbé ní Leicester, ní England, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nígbà tí mo dé. Bàbá kan tó wá láti Lahore, tí gbogbo wa ń pè ní Chacha, ló fi kíríkẹ́ẹ̀tì mọ̀ mí. Ó to àpò ṣúgà kéékèèké sórí tábìlì níbi tí a ti ń jẹun, ó ní èyí ni ẹni tó ń jù ú, èyí ni ẹni tó ń gbá a, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣọ́ ọ kiri pápá. Kó tó di oṣù mẹ́ta, mo ti mọ eré náà dunjú. Ẹni tí ọkàn mi wá so mọ́ ni Virat Kohli ti Íńdíà. Tó bá gbá a dáadáa, oúnjẹ á dùn lẹ́nu mi. Tí wọ́n bá tètè lé e jáde, mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní May 12, 2025 tó kéde pé òun ò gbá Test mọ́, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún tí orílẹ̀-èdè fi ń bá orílẹ̀-èdè figagbága, ibi iṣẹ́ ni mo ti sunkún.

Ohun méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Ní September 14, 2025, Íńdíà na Pakistan ní Dubai. Nígbà tí eré parí, àwọn ọmọ Íńdíà kọ̀, wọn ò bọ àwọn ọmọ Pakistan lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Chacha na ọwọ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe, mo bá ki ọwọ́ mi bọ àpò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá jẹun nídìí fèrèsé, a kì í sì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Èkejì, ìyàwó mi lóyún, ọkùnrin ni wọ́n ní a máa bí. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Virat. Ìyàwó mi ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín síra wa. Íńdíà ń borí, ó yẹ kí inú mi máa dùn. Inú mi kì í dùn, Màmá. Kí ló ń ṣe mí?

*Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leicester*

Ìdáhùn

Ọmọ mi, bá mi kí ìyàwó rẹ. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Àpò ṣúgà yẹn ló dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Màá padà sórí ẹ̀.

Má rò pé ẹni tí ò mọ eré náà lò ń kọ̀wé sí. Ọdún 26 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Nottingham, ẹ̀yìnkùlé yín níbẹ̀ yẹn, èmi náà sì ní òrìṣà tèmi. Viv Richards, ọmọ Antigua. Ọkùnrin náà kì í dé akoto. Bọ́ọ̀lù ń fò kọjá létí ẹ̀, fìlà lásán ló dé, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń rọra rìn bọ̀ láàárín pápá bí ọba tó ń jáde lọ́jọ́ ọdún. Ní 1991, ọdún tó gbá Test kẹ́yìn, èmi àti ọkọ mi lọ wò ó ní Trent Bridge, pápá tó wà ní Nottingham, àwa àti aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọmọ Jamaica. West Indies, ikọ̀ Viv, borí. Iye run, ìyẹn àmì ayò, tí Viv gbá ti kúrò lórí mi tipẹ́. Adìyẹ tí obìnrin yẹn dì wá nínú abọ́ ni mo rántí, ata ẹ̀ le débi pé omi ń bọ́ lójú ọkọ mi, obìnrin náà ń fi gèlè ara ẹ̀ nù ún fún un, gbogbo àwọn tó jókòó sẹ́yìn wa ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ti di ará ọ̀run. Ata yẹn ṣì ń ta mí lẹ́nu.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ohun tó mú kí àwọn ọmọ Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ ju eré lọ. Ní April 22, 2025, àwọn agbébọn pa èèyàn 26 ní Pahalgam, ní apá Kashmir tó wà lábẹ́ Íńdíà. Íńdíà ní Pakistan ló wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó di May, orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń ju àdó olóró síra wọn. Eré tí o sọ yẹn ni ikọ̀ ọkùnrin wọn kọ́kọ́ fi fojú kan ara wọn lórí pápá lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Suryakumar Yadav, balógun ikọ̀ Íńdíà, fi ìṣẹ́gun náà rántí àwọn tó kú àti àwọn ọmọ ogun wọn. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní àṣekágbá ìdíje náà, Asia Cup, ní September 28, Íńdíà borí, wọn ò sì gba ife lọ́wọ́ Mohsin Naqvi, ọ̀gá kíríkẹ́ẹ̀tì Éṣíà, torí mínísítà Pakistan ni. Èmi ò fara mọ́ ọn o. Àwọn ọmọkùnrin 11 tó gbá eré fún Pakistan kọ́ ló gbé ìbọn lọ sí Pahalgam. Àmọ́ àwọn ọmọ Íńdíà ní òkú tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Òkú ta ni ìwọ ń ṣọ̀fọ̀ ní Leicester? O yá ìbínú oníbìínú, o wá lọ ná an lórí ẹni tó kọ́ ọ ní eré.

O sì wà nílùú yẹn ní 2022. Íńdíà na Pakistan ní Dubai ní August 28 ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ Híńdù àti ọ̀dọ́ Mùsùlùmí wá kọjú ìjà síra wọn ní ìgboro Leicester títí wọ inú September. Ọ̀pọ̀ nǹkan míì wà nídìí ẹ̀, mo mọ̀. Chacha náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o ki ọwọ́ bọ àpò, ohun tó rí lójú ẹ lè ju ohun tí o ní lọ́kàn lọ.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ní 1988, wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Kirkby-in-Ashfield, tó ti wa èédú láti kékeré. Eruku èédú ti kún ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, tó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, á sinmi. Àmọ́ dárúkọ Harold Larwood, tó ju bọ́ọ̀lù fún England láyé ọjọ́un, létí ẹ̀, á dìde jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó mú ọsàn orí àwo oúnjẹ ẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lókè, ó fi àtàǹpàkò gbé e nísàlẹ̀, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bó ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú nìyí.” Èédú wà lábẹ́ èékánná ẹ̀ tí ọṣẹ kankan ò lè yọ mọ́. Ó gbé apá sókè bí ẹni tó fẹ́ jù ú, ikọ́ bá gbé e. Nígbà tó rọlẹ̀, ó gbé ọsàn náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́.

Nuncargate, abúlé kan létí ìlú bàbá yẹn, ni wọ́n ti bí Larwood ní 1904. Ẹni ọdún 14 ló wọ ihò èédú. Kò ga, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó bá jù, kí o tó rí i, ó ti dé. Ní 1930, Don Bradman wá láti Ọsirélíà, ó gbá run 974 nínú Test márùn-ún sí England lọ́rùn. Títí dòní, kò tíì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú irú ìfigagbága kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wọ́n gógó ní Ọsirélíà nígbà náà, ebi wà nílùú, Bradman sì ni nǹkan kan ṣoṣo tó ń mú inú wọn dùn. Wọ́n sọ ọ́ di òrìṣà, bí ìwọ náà ṣe sọ Kohli.

Nígbà tí England máa lọ sí Ọsirélíà ní 1932, balógun wọn, Douglas Jardine, ti wá oògùn Bradman: kí Larwood máa ju bọ́ọ̀lù sí ara ẹni tó di bat, igi tí wọ́n fi ń gbá a, mú, kí àwọn tó kù pé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti hán an bó bá ta. Bodyline ni wọ́n pè é. Ní Adelaide, ní January 1933, bọ́ọ̀lù Larwood ba Bill Woodfull, balógun Ọsirélíà, lókè ọkàn. Òmíràn fọ́ Bert Oldfield lórí. Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti pápá, ó di ọ̀rọ̀ ìjọba. England ló borí, mẹ́rin sí ọ̀kan, Larwood nìkan sì lé èèyàn 33 jáde.

Bí ó ṣe parí ní Sydney ni mo fẹ́ kí o fojú inú wò. Egungun ẹsẹ̀ Larwood fọ́ níbi tó ti ń sáré wá ju bọ́ọ̀lù. Kò lè jù mọ́. Jardine ní kò gbọdọ̀ kúrò lórí pápá níwọ̀n ìgbà tí Bradman bá ṣì wà níbẹ̀, kí Bradman má baà mọ̀ pé ẹni tí òun ń ṣọ́ra fún ti dúró. Ó wà níbẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kan dúró. Bí wọ́n ṣe lé Bradman jáde, Jardine ní Larwood náà lè máa lọ. Òrìṣà Ọsirélíà àti ẹni tí Ọsirélíà kórìíra jù wá jọ ń rìn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, láàárín ọ̀pọ̀ èrò, wọn ò sì bára wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Larwood ò gbá eré fún England mọ́ láyé.

Àwọn ọ̀gá kíríkẹ́ẹ̀tì ní kó fọwọ́ sí ìwé àforíjì, ó ní òun ò fọwọ́ sí i, ohun tí balógun ní kí òun ṣe ni òun ṣe. Wọ́n pa á tì. Ó lọ ń ta súìtì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Blackpool. Jack Fingleton, tó di bat mú fún Ọsirélíà nígbà Bodyline, tí Larwood ju bọ́ọ̀lù sí, ló gbà á níyànjú pé kó máa bọ̀ ní ìlú àwọn. Ní 1950, Larwood kó ìyàwó ẹ̀ àti ọmọbìnrin márùn-ún wọ Orontes, ọkọ̀ ojú omi kan náà tó gbé òun àti Jardine lọ ní 1932. Ọsirélíà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò ló ti ṣiṣẹ́ ní Sydney, ilé kékeré ló ń gbé, àwọn tó bá a jà lórí pápá ń wá kí i nílé. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní July 1995, ó ti pé ẹni 90 ọdún. Mo rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà dé wọ́ọ̀dù wa, mo sì rántí ọsàn.

Àárín àwọn tó ń pariwo orúkọ ẹ̀ ni ayọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ẹni tó dúró de bọ́ọ̀lù ẹ̀ ló na ọwọ́ sí i, òun náà sì gba ọwọ́ náà. Chacha ti na tiẹ̀ sí ẹ, ọmọ mi.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Bradman yẹn náà bí ọmọkùnrin kan, John. Ní 1972, ó lọ yí orúkọ ìdílé ẹ̀ padà sí Bradsen. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ Bradman, bàbá ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí òun. Ó lé ní ogún ọdún kó tó padà sí orúkọ tí wọ́n bí i sí. Ọmọ bíbí inú ọkùnrin náà nìyẹn o, ẹni tí orúkọ náà tọ́ sí, síbẹ̀ ó wúwo fún un. Ìwọ wá fẹ́ gbé orúkọ ẹni tí kò mọ̀ pé o wà láyé lé ọmọ tí kò tíì fojú kan oòrùn lórí. Ìyàwó rẹ jàre. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Pe bàbá rẹ ní Abẹ́òkúta lálẹ́ òní, ní kó ka oríkì bàbá ẹ̀ fún ọ, kí ìyàwó rẹ wà níbẹ̀, kí ẹ gbé e sókè kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́. Ẹ ó rí orúkọ níbẹ̀.

Kohli fúnra ẹ̀, ṣé o ti wo ó dáadáa? Láti November 2019, odindi ọdún méjì lé, kò gbá ọgọ́rùn-ún run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún Íńdíà. Ní 2022, ó sọ fáyé pé òun ò fọwọ́ kan bat fún oṣù kan gbáko, pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, pé ọkàn òun ni ó ti rẹ̀. Nígbà tó wá gbá 122 sí Afghanistan lọ́rùn ní September 8 ọdún náà, ní Dubai kan náà, òrùka ìgbéyàwó tó so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn ló fẹnu kò, ó ní ti ìyàwó òun àti ọmọ òun ni. Lọ́jọ́ tí ayọ̀ ọkùnrin yẹn kún, ilé ló kọjú sí. Ìwọ kọjú sí i, o kọ ẹ̀yìn sílé.

N ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́, àmọ́ o gbọ́ ti Bengaluru. June 4, 2025, ọjọ́ kejì tí ikọ̀ Bengaluru tí Kohli ń gbá fún gba ife IPL, ìdíje àwọn ikọ̀ ìlú-ìlú ní Íńdíà, fún ìgbà àkọ́kọ́, èrò ya bo pápá Chinnaswamy láti wá wo àwọn òrìṣà wọn. Èèyàn 11 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ọmọ kékeré wà nínú wọn. Mo ti gbé òkú ọmọ ọlọ́mọ rí lẹ́nu iṣẹ́ mi, n kì í lè ka ìròyìn yẹn parí.

O bi mí pé kí ló ń ṣe ọ́. Ayọ̀ tí o ní nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, orí tábìlì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àpò ṣúgà, pẹ̀lú bàbá kan tó fi àkókò oúnjẹ ẹ̀ kọ́ ọ. Ọwọ́ ara ẹ lo fi tì í kúrò. Kò sí run tí Kohli máa gbá tó lè dí àyè yẹn.

Lọ bá a. Má fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́, má sì fà á sí kọ̀rọ̀. Gbangba lo ti ki ọwọ́ bọ àpò, gbangba ni kí o ti yọ ọ́, níṣojú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ẹ́, o mọ bí a ṣe ń bẹ àgbà. Bí kò bá dá ọ lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbé oúnjẹ rẹ lọ sídìí fèrèsé, kí o jókòó sí ìdojúkọ ẹ̀, kí o jẹun. Lọ́jọ́ kejì, mú àpò ṣúgà dání. Tò ó sórí tábìlì bó ṣe tò ó fún ọ, kí o ní kó kọ́ ọ ní èyí tí o kò tíì mọ̀. Bí àárín yín bá sì ti gún, bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń fi téèpù wé bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì. Pakistan ni wọ́n ti dá irú eré yẹn sílẹ̀, ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbá a. Ẹ ra bọ́ọ̀lù kan àti téèpù kan, ẹ wá pápá lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ fúnra ẹ di bat mú. Mú ìyàwó rẹ lọ kí ó lè rí ẹ rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 14, ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níléèwé ẹ̀. Ó lẹ àwòrán Lucky Piety mọ́ ògiri, aago márùn-ún ìdájí ló ń jí láti máa sáré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n fà á ya, pé eré òyìnbó ni, kò sówó níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

*Ìyá Ọmọge, Ìkòròdú*

Ìdáhùn

Má fà á ya, àbúrò mi. Ní January 20, 2025, ní Kuching, ní Malaysia, ni Lucky Piety jẹ́ balógun àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 19. Ìdíje àgbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ lọ nìyẹn. Òjò dín eré kù sí over 13, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú over kan. Wọ́n gbá run 65, New Zealand gbá 63. Run méjì péré! Lillian Udeh ló ju over tó kẹ́yìn, kò sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Mo ń wò ó nínú pálọ̀ mi ní Abẹ́òkúta, ìgbe tí mo ké mú kí aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn.

Àwòrán tó ń jí ọmọ ní aago márùn-ún ìdájí kò lè ṣe é níbi. Ìgbà tó bá fi dùbúlẹ̀ tí ó kàn ń wò ó ni kí o tó bi í léèrè. Owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, òótọ́ ni, kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ìwé ò gbọdọ̀ dúró. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé mo ní kó tẹ̀ lé ọmọ yẹn lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan, kó jókòó títí eré á fi parí.

Kí o sì wo bàtà tó fi ń sáré ìdájí yẹn. Bí ó bá ti fún un lẹ́sẹ̀, bàtà ni kí o kọ́kọ́ rà.